TA NI Ń MÚ ẸYIN GBÓ?
Ọ̀rọ̀ ìrònú fún ọjọ́ Àjọ̀dún, lórí ìgbàgbọ́, oògùn, àti àwọn tí ń wá ọmọ

Nínú irú ìwé báyìí, àwòrán aṣọ ẹgbẹ́ ni ó máa ń pọ̀, àti orúkọ àwọn t'ó dáwó. A ò ní kí ìyẹn má sí. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwé yìí bẹ̀ wá pé kí a kọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹni t'ó bá gbé e délé yóò tún lè kà lẹ́yìn tí ìlù bá ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wá ọmọ ni a mú, nítorí kò sí ìsìn ìdúpẹ́ kan tí a ń ṣe tí wọn kì í jókòó láàrin wa.

Ohun kan l'ó fà á. Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa, ẹgbẹ́ akọrin l'ó wà. Ó ti pé ọdún 9 tí ó ti ṣe ìgbéyàwó. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìgbéyàwó l'ọ́dún náà ni a ti ń pè ní Màmá Tólú, Màmá Ṣẹ́gun, Ìyá Ìbejì. Òun nìkan l'a ṣì ń pè ní "Ìyàwó." Kì í ṣe pé a fẹ́ bú u o. Bẹ́ẹ̀ náà l'a ṣe ń pe obìnrin tí a kò tíì rí orúkọ ọmọ fi pè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìṣọ́ òru, ó mú ìwé kan tọ̀ wá wá láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ìwé ìṣirò owó ni. Wọ́n ti gba ẹyin l'ára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti fi ṣe ọmọ. Èyí tí wọ́n rí kò pọ̀, àwọn kan nínú rẹ̀ kò sì gbó. Nísisìyí, wọ́n ní ohun méjì ni àwọn lè fi kún un: abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè, àti pé kí àwọn jẹ́ kí ẹyin tí kò bá gbó lọ gbó nínú yàrá àyẹ̀wò. Ìbéèrè méjì ni arábìnrin yìí bi wá. Àkọ́kọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò ní jẹ́ àìgbàgbọ́?" Èkejì: "Ṣé ó tó ohun tí mo lè torí rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi?"

Alàgbà kan láàrin wa dáhùn pé ẹni t'ó bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kì í wo ọwọ́ dókítà. Àwa yòókù dákẹ́. A fún un ní omi àdúrà, a ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè kejì, a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Ní oṣù kejì ni a gbọ́ l'ọ́jà pé ó ti ta ẹ̀rọ náà. Ìdáhùn tí a kò fún un l'ọ́jọ́ náà ni a ń wá níhìn-ín.

1. ẸYIN TÍ Ń DÚRÓ

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹyin obìnrin kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá to 10 wọn tira, nǹkan bí mìlímítà 1 ni gígùn wọn. Inú oyún ni a ti ń dá wọn sí ara ọmọbìnrin. L'ọ́jọ́ tí a bá bí i, ẹyin inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1. Nígbà tí ó bá fi di ọlọ́mọge, wọn a ti dín kù sí bí 300,000 tàbí 400,000. Nínú gbogbo wọn, èyí tí yóò gbó tí yóò sì jáde l'óṣooṣù títí nǹkan oṣù rẹ̀ yóò fi dúró kò ju bí 400 sí 500 lọ. Ẹ gbọ́ ná: ìyẹn ni pé ẹyin tí a fi bí ẹnikẹ́ni nínú wa ti wà kí a tó bí ìyá wa. Inú ìyá ìyá wa l'ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni a ń pè ní kí ẹyin gbó? Ẹyin kọ̀ọ̀kan gbé ẹrù ìran 46, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní krómósóòmù. Kí a tó bí ọmọbìnrin náà ni ẹyin ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù yìí, tí ó sì dá a dúró láàrin ọ̀nà. Yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún 15, ọdún 30, nígbà mìíràn ọdún 40. Ní oṣù tí ó bá kàn án, ìránṣẹ́ yóò ti abẹ́ ọpọlọ gba inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹyin yóò jí, yóò sì jọ̀wọ́ ìdajì ẹrù rẹ̀. Ó wá ku 23, kí 23 ti bàbá lè rí àyè bá a pàdé. Ẹyin tí kò bá tíì jọ̀wọ́ ìdajì tirẹ̀ kò tíì gbó, kò sì lè di ọmọ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọdún 1978, ní ìlú Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí Louise Brown, ẹni àkọ́kọ́ tí a so ẹyin àti àtọ̀ t'ó di òun pọ̀ nínú abọ́ dígí lẹ́yìn ara ìyá rẹ̀. Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní Èkó, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì t'ó wà ní Ìdí-Àràbà, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ni ó ṣáájú iṣẹ́ tí a fi bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 1989. Gbogbo wa l'a gbọ́ nípa "ọmọ ìgò" nígbà náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ ni pé ní 1965, ọdún 13 ṣáájú Louise Brown, Edwards ti kọ̀wé lórí bí ẹyin obìnrin tí kò gbó ṣe gbó nínú abọ́. Ní 1991, àwọn dókítà ní Kòríà ròyìn ọmọ tí a bí láti inú irú ẹyin bẹ́ẹ̀.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Bí ó ti máa ń rí lónìí, abẹ́rẹ́ ni a ń fún obìnrin l'ójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 10, kí ẹyin púpọ̀ lè gbó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kan wà tí ẹyin kéékèèké pọ̀ jù nínú wọn. Abẹ́rẹ́ yìí lè mú kí ilé ẹyin wọn wú, kí omi kún ikùn wọn, ó sì lè la ẹ̀mí lọ. Àwọn mìíràn wà tí jẹjẹrẹ ń bá jà, tí kò sí àyè láti dúró. Fún irú àwọn wọ̀nyí, dókítà lè mú ẹyin jáde ní àìgbó, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ díẹ̀ tàbí láìsí rárá, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò fún ọjọ́ kan sí méjì kí ó lè gbó.

2. ṢÉ ÀÌGBÀGBỌ́ NI?

A kò fẹ́ fi alàgbà wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní gbòǹgbò. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn t'ó pa ènìyàn rẹpẹtẹ káàkiri ayé dé ilẹ̀ wa, oògùn ìgbà náà kò ran nǹkan. Àdúrà ni ẹgbẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde dì mú. Níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò Aládùúrà ti hù. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, bóyá ó tọ́ kí onígbàgbọ́ lo kuníìnì wà nínú ọ̀rọ̀ t'ó ya àwọn bàbá kan àti àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó nípá. Títí di òní, ìjọ kan ń lo oògùn, òmíràn kò lò ó. Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ̀kan l'ó mú alàgbà sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà. Ta ni ń mú ẹyin gbó níbẹ̀? Dókítà pèsè ooru bí ooru ara ènìyàn. Ó pèsè omi tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ó sì dúró. Kò sí ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí ó fi ń ti 23 yẹn jáde. Ẹyin fúnra rẹ̀ l'ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó bá wù ú. Èyí tí kò bá sì fẹ́ gbó, gbogbo ọgbọ́n yàrá náà kò lè fi dandan mú un.

Àwọn ìyá wa t'ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa tí a ń kọ ọ́ lọ. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti gbó l'óko, a lè gé e ní tútù, kí a kó o sínú ìkòkò tàbí àpò, kí a bò ó. Ní ọjọ́ mélòó kan, ó ti pọ́n. Ṣé àpò l'ó mú un pọ́n? Rárá. Ohun tí ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ l'ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Àpò kàn bò ó ni. Èyí tí a bá gé kí ó tó gbó, bí a bo ó fún oṣù kan, yóò rọ ni, kò ní pọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ l'ó rí pẹ̀lú ẹyin tí a mú jáde nígbà tí kò tíì tó rárá. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣètọ́jú ẹyin kò gba iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá ṣe. Iṣẹ́ agbẹ̀bí l'ó ń ṣe. Alàgbà wa náà ń fi awò ojú ka Bíbélì, a kò sì pè é ní aláìgbàgbọ́.

Ohun kan wà nínú ìbẹ̀rù alàgbà tí a gbọdọ̀ pa mọ́, ṣá. Ó ń bẹ̀rù ọjọ́ tí ọmọ yóò di ọjà, tí ẹni t'ó bá lówó nìkan yóò máa bí. Ìbẹ̀rù yìí tọ́. Ẹ ó sì rántí pé l'ọ́jà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà, àwọn kan wà tí ń fi kábáàdì mú un pọ́n kíákíá. Àwọ̀ rẹ̀ á dára l'ójú, inú rẹ̀ á ṣì le. Ìyẹn ni ó gbé wa dé ìbéèrè kejì, tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ: báwo ni a ṣe ń mọ ìrànlọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀tàn, nígbà tí àwọ̀ àwọn méjèèjì jọra?

3. ÌWỌ̀N TÒÓTỌ́

Họ́mọ̀nù ni ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí a sọ níṣàájú. Ti ìdàgbàsókè ń ti ara ohun kékeré kan wá, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ, lábẹ́ ọpọlọ. Òun l'ó ń mú kí ọmọdé ga. Tẹ́lẹ̀ rí, ara òkú ni àwọn dókítà ti ń yọ ọ́, kí wọ́n fi gún ọmọ tí kò dàgbà. Ọwọ́ rere ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1985, a rí i pé àrùn ọpọlọ tí kò gbóògùn ti ti ara òkú wọ ara àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà, wọ́n sì kú. Wọ́n dá a dúró ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. L'ọ́dún kan náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí a ń ṣe láìlo òkú, òun ni gbogbo ayé ń lò báyìí, kò sì ní àrùn yẹn nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kù sílẹ̀ fún wa: ọkàn rere nìkan kò tó, ó yẹ kí a wọn nǹkan wò.

Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà ti ń dán họ́mọ̀nù yìí wò l'ára obìnrin tí ẹyin rẹ̀ kò pọ̀. Kì í ṣe nítorí ọmọ bíbí ni a fi fọwọ́ sí i l'ákọ̀ọ́kọ́. Àwọn dókítà kàn rò pé bí ó ti ń mú ara dàgbà, bóyá yóò mú ẹyin náà gbó dáadáa. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi í sínú omi abọ́ tí ẹyin ti ń gbó, àwọn kan sì rí i pé ẹyin t'ó gbó pọ̀ sí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyin ni arábìnrin wa ń tọrọ l'ọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní 2019, àwọn dókítà ní Ọsirélíà àti New Zealand tẹ àbájáde ìwọ̀n kan jáde. Wọ́n pín obìnrin 130 tí abẹ́rẹ́ ẹyin kò ṣiṣẹ́ dáadáa l'ára wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń gba họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè, apá kejì ń gba abẹ́rẹ́ tí kò ní nǹkan nínú. Obìnrin kò mọ èyí tí òun ń gbà, dókítà kò mọ̀, kí ìrètí ẹnikẹ́ni má baà yí òṣùwọ̀n. Nínú 62 t'ó gba họ́mọ̀nù tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ l'ára wọn, 9 bímọ. Nínú 51 t'ó gba ti lásán, 7 bímọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọ bíbí ti ilẹ̀ Yúróòpù kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ó ṣeé ṣe kí ó má yẹ kí a máa lò ó fún irú obìnrin wọ̀nyí. Ní 2021, ẹgbẹ́ Cochrane kó gbogbo ìwọ̀n irú èyí jọ: fún àwọn tí ẹyin wọn kò pọ̀, ẹyin lè lé díẹ̀, oyún náà lè lé díẹ̀, ṣùgbọ́n bóyá ọmọ tí a ń gbé l'ọ́wọ́ yóò pọ̀ sí i, kò dájú.

Ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ ẹyin tí ń gbó nínú abọ́. Ní ìlú Ho Chi Minh ní Vietnam, àwọn dókítà wọn ọ̀nà náà mọ́ ọ̀nà abẹ́rẹ́ púpọ̀, l'ára obìnrin 546 tí ẹyin wọn pọ̀. 2020 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí a dá ọlẹ̀ padà sínú ilé ọmọ, àwọn tí ẹyin wọn gbó nínú abọ́ bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ti abẹ́rẹ́ bí 43. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú àwọn ti àkọ́kọ́ tí ikùn rẹ̀ wú. Ṣé ẹ rí i? Wọn kò sọ pé tiwọn l'ó dára jù. Wọ́n ní: èyí ni ohun tí ẹ ó pàdánù, èyí sì ni ewu tí ẹ ó bọ́ l'ọ́wọ́ rẹ̀, ẹ yàn. Ní 2021, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀nà yìí ti kúrò ní ìdánwò.

Ibí yìí ni ọkàn wa dúró sí. Ìrètí kò burú. Títa ìrètí láìsọ ìwọ̀n rẹ̀ l'ó burú. Ẹni tí ń wá ọmọ kò ní agbára láti nájà. Bí a bá ní kí ó mú àgbò kan wá, yóò mú méjì wá. Ìdí nìyí tí ẹni t'ó bá jókòó ní iwájú rẹ̀, ní aṣọ funfun dókítà tàbí ní aṣọ funfun ìjọ, fi jẹ ẹ́ ní gbèsè òtítọ́ ju bí ó ti jẹ ẹlòmíràn lọ.

Bí ó bá tún béèrè l'ónìí, ohun tí a ó wí nìyí: "Ọmọ wa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó san kọ́bọ̀, bi dókítà ní ohun mẹ́ta. Nínú obìnrin mélòó t'ó dàbí tìrẹ ni ó gba èyí tí ó sì gbé ọmọ délé? Bí o kò bá gbà á, kí ni yóò dín kù? Ewu wo l'ó wà níbẹ̀? Sì jẹ́ kí ọkọ rẹ náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ilé, ara ọkùnrin ni ìṣòro wà." Lẹ́yìn ìyẹn, bí ó bá mọ ìwọ̀n, tí ó sì tún ní òun yóò ta ẹ̀rọ òun, a kò ní pè é ní òmùgọ̀. Tirẹ̀ ni ẹ̀rọ, tirẹ̀ ni ìrètí. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a jẹ́ kí ó tà á nínú òkùnkùn.

4. ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Ó rọrùn láti bá dókítà wí. Ṣùgbọ́n dókítà kọ iye owó rẹ̀ sínú ìwé, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jókòó ka iye ọmọ t'ó bí, ó tẹ̀ ẹ́ jáde kí ayé rí i pé nǹkan tí òun ń lò lè má ṣiṣẹ́. Ta ni nínú àwa ni ó ti kà rí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti dìde ní ìṣọ́ òru, tí a ní, "Ní ìwòyí àmọ́dún, ìwọ yóò wá dúpẹ́ ọmọ," tí àmọ́dún sì dé, tí ẹni náà jókòó sí ẹ̀yìn, tí a kò wo ojú rẹ̀? Bí ọmọ bá dé, àdúrà wa l'ó ṣe é. Bí kò bá dé, ìgbàgbọ́ rẹ̀ l'ó kéré. Irú òṣùwọ̀n wo nìyẹn? Bí ìyá onígàrí bá ń lo irú kóńgò bẹ́ẹ̀ l'ọ́jà, a ó lé e.

Ẹ rántí Hánnà. Élì, àgbàlagbà inú ilé Ọlọ́run, l'ó wò ó tí ó ní ó ti mutí yó. Ó ṣì í. Ohun t'ó dára nínú ìtàn Élì ni pé nígbà tí obìnrin náà ṣàlàyé, kò bá a jiyàn. Ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sì súre fún un. Àgbà tí kò lè yí ọ̀rọ̀ padà kò lè súre.

Nítorí náà ni a ṣe ránṣẹ́ pe arábìnrin wa. Alàgbà náà wà níbẹ̀, òun l'ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, o béèrè ọ̀nà, mo fi ìbẹ̀rù dá ọ l'óhùn. Dárí jì mí." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, sà." Ẹgbẹ́ àwọn ìyá dáwó, wọ́n sì ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn fún un. A kò kà á mọ́ ọrẹ àánú. Gbèsè ni a san.

Títí di ọjọ́ tí a ń kọ èyí, ó ṣì ń retí. Ó mọ̀ pé a ń kọ ọ́, ó sì fún wa l'áyè. Ní ọjọ́ àjọ̀dún yìí, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láàrin àwọn akọrin. Ohun kan ṣoṣo ni ó tọrọ l'ọ́wọ́ wa: kí a yé pe òun ní Ìyàwó. Ó ní àwọn òbí òun sọ òun l'órúkọ l'ọ́jọ́ kẹjọ. Láti ọjọ́ náà, orúkọ yẹn ni gbogbo ìjọ fi ń pè é, t'ọmọdé t'àgbà. Àwọn ọmọdé ń fi Àǹtí ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin àlejò wa, bí ẹ bá délé yín, ẹ wo àga ẹ̀yìn nínú ìjọ yín. Ẹ bi ẹni t'ó jókòó síbẹ̀ ní orúkọ rẹ̀.

Kí Olúwa fi ohùn ayọ̀ kún gbogbo ilé t'ó ń retí. Kí Ó sì fi òtítọ́ sí ẹnu àwa tí a ń gbàdúrà fún wọn. Àmín.